Yorùbá ni wọ́n fún mi dípò Lọ́ọ̀: ẹ̀yin tó ti kàwé n'Ìbàdàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ mi ti jáde ní yunifásítì kan n'Ìbàdàn, àmọ́ ohun tí mo béèrè kọ́ ni wọ́n fún mi. Lọ́ọ̀ ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Máàkì mi kò dé ibi tí wọ́n gé e sí, ni wọ́n bá fi mí sí ẹ̀ka èdè Yorùbá. Mi ò ní dárúkọ iléèwé náà, torí àwọn ará ilé wa kan wà lórí pẹpẹ yìí.

Òfì ni bàbá mi ń hun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé, "Yorùbá tí o ti ń sọ láti kékeré, kí lo tún fẹ́ lọ kọ́ nínú rẹ̀? Ta ló máa gbà ọ́ síṣẹ́ nítorí o gbọ́ Yorùbá?" Mi ò rí èsì fọ̀. Màmá mi ní kí n jókòó sílé kí n tún JAMB kọ lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi, Yorùbá wà lára ohun tí mo mọ̀ jù nílé ìwé girama, ṣùgbọ́n "Lọ́yà" ni gbogbo agboolé ń pè mí láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì. Ó ń dùn mí.

Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ. Ṣé kí n gbà á àbí kí n dúró? Bí mo bá gbà á, ṣé hóstẹ́ẹ̀lì ni kí n gbé àbí kí n gba yàrá níta? Ẹ̀kẹta, ojú máa ń tì mí láti sọ Òyìnbó láàárín èrò. Báwo ni irú mi ṣe ń rí ọ̀rẹ́ níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé á dáa. Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi.

Àrẹ̀mú_Ṣángo

Àbúrò mi, gbà á. Ẹ̀ka èdè Yorùbá lèmi náà ti jáde, n'Ìbàdàn níbí.

Ẹni tó bá sọ pé kò sí ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú Yorùbá, kò tíì débẹ̀ ni. Ní ọdún kìíní wa, àwọn tó rò pé ẹ̀ka náà rọrùn ni ìdánwò kọ́kọ́ yà lẹ́nu. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dénú, tó lè pa òwe títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò mọ ibi tí àmì ohùn ń lọ. Wọ́n kọ́ wa ní fonẹ́tíìkì, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń pe ìró: pé "gb" jẹ́ ìró ẹyọ kan, kì í ṣe méjì, àti pé àfàfàséfètèpè là ń pè é torí pé àfàsé, ìyẹn òkè ẹnu lápá ẹ̀yìn, àti ètè jọ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Pe "gbà" wò níbi tó o wà yẹn, kó o sì kíyè sí ẹnu rẹ. Wọ́n kọ́ wa ní fonọ́lọ́jì, mofọ́lọ́jì, síńtáàsì, ìyẹn bí ìró ṣe ń bára ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, àti bí a ṣe ń to gbólóhùn. A dé orí lítíréṣọ̀ alohùn: ìjálá àwọn ọdẹ, ẹsẹ̀ Ifá, rárà, iwì egúngún, ẹkún ìyàwó. Wọ́n rán wa jáde lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ká kọ ọ́ sórí ìwé lọ́rọ̀ kan sí èkejì, ká sì ṣàlàyé rẹ̀. Wákàtí kan ohùn lè gba ọ̀sẹ̀ odidi kó tó tán lórí ìwé.

Ìwọ tó ti Ìṣẹ́yìn wá, ẹkún ìyàwó tí a fi owó ọkọ̀ wá kiri, àwọn ìyá àgbà ilé yín lè mọ̀ ọ́n. Ibi tí ìwọ ti máa bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó nínú kíláàsì yín kò ní débẹ̀ títí wọn á fi jáde.

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá

Òótọ́ ni Àrẹ̀mú sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi kún un kó má bàa fi ìrètí tí kò sí wọlé.

Àwọn kan máa sọ fún ọ pé, "Wọlé ná, lọ́dún kejì wàá ti kọjá sí Lọ́ọ̀." Má fi ìyẹn ṣe ètò. Àyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọjá kì í pọ̀, máàkì tí wọ́n ń béèrè ga, fákọ́tì tó ò ń lọ sì lè kọ̀ ọ́ bí máàkì rẹ tilẹ̀ pé. Mo ti rí ọmọ tó fi gbogbo ọdún kìíní rẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà Lọ́ọ̀, tí kò ka ẹ̀ka tó wà sí tirẹ̀. Lọ́ọ̀ kò gbà á, Yorùbá sì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó o bá máa wọlé, wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá.

Bí òfin ò bá sì kúrò lọ́kàn rẹ, ọ̀nà ṣì wà. Ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́ lè gba Direct Entry wọ Lọ́ọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì, lẹ́yìn náà kó lọ sí Nigerian Law School kí wọ́n tó pè é sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ó gùn, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni.

Ohun kan tí mò ń rí ní kóòtù: ẹlẹ́rìí á sọ̀rọ̀ ní Yorùbá ìjìnlẹ̀, ògbufọ̀ á sọ ọ́ sí Òyìnbó, ìdajì ìtumọ̀ á ti dà nù lójú ọ̀nà, ohun tí ògbufọ̀ sọ ni adájọ́ sì máa kọ sílẹ̀. Ìyá kan sọ nípa ilẹ̀ pé, "A fi í fún wọn kí wọ́n máa dá oko níbẹ̀," ògbufọ̀ ní "we gave them the land." Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà nínú ẹjọ́ ilẹ̀! Lọ́yà ẹ̀gbẹ́ kejì tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa ló dìde tó tún un ṣe. Nítorí náà, sọ fún bàbá pé Yorùbá àti òfin kì í ṣe ọ̀tá.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ ìwé lẹ̀ ń sọ, ẹnìkankan ò dáhùn ibi tí ọmọ ọlọ́mọ máa sùn sí.

Ọmọ mi obìnrin, lọ́dún àkọ́kọ́, inú ọgbà ni kó o gbé bí o bá ti rí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ti èmi náà kà á tán n'Ìbàdàn níbí. Ohun tó mú kí n sùn lóru ni pé mo mọ̀ pé géètì wà, olùṣọ́ wà, bí ara bá sì gbóná, àwọn tó jọ wà nínú yàrá á gbé e lọ sí kíníìkì. Ẹ lè jẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú yàrá, ooru á mú yín, ẹ máa bára yín jà lórí ta ló gbálẹ̀ ta ni kò gbálẹ̀. Kò burú. Ibẹ̀ lo ti máa mọ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Gàrí nìkan kọ́ la fi ń kàwé o. Bódìjà ni mo ti ń tajà, mo sì mọ àwọn ọmọ tó ní ọgbọ́n: àwọn ará yàrá á dáwó jọ, ọ̀kan á wá ra ẹ̀wà, ìrẹsì àti ata fún gbogbo wọn, wọn á bá wa nájà dáadáa torí pé kóńgò tí wọ́n ń rà pọ̀. Èyí tó ń rà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́nu géètì ló ń náwó jù. Ìwọ tó wá láti Òkè-Ògùn, ilẹ̀ èlùbọ́ nilé yín. Gbé e dání. Ẹni tó bá gbé èlùbọ́ dé hóstẹ́ẹ̀lì, ọ̀rẹ́ kò ní wọ́n ọn, èyí ni mo fi dá ọ lóhùn ìbéèrè kẹta.

Àbẹ̀kẹ́_Agbowó

Ẹ ṣé mà, Ìyá Ìbejì. Mo wà ní ọdún kẹta, mo ti gbé inú ọgbà, mo sì ti gbé Agbowó níta ọgbà, nítorí náà mo lè sọ nípa méjèèjì.

Ohun tí hóstẹ́ẹ̀lì fi ṣòro ni pé bẹ́ẹ̀dì kì í kárí. O lè dé kí wọ́n sọ fún ọ pé ó ti tán. Ọ̀pọ̀ wá di ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, tàbí tó ń tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ láàárín yàrá lálẹ́. Omi lè má yọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, o máa rí ìlà bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu táàǹkì láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹni tó ní kíláàsì aago mẹ́jọ ò sì lè dúró de ìlà. Iná náà kì í dúró. Ṣùgbọ́n láíbìrì wà nítòsí, kíláàsì wà nítòsí, tí iná bá lọ nínú yàrá, o lè rìn dé ibi tó wà láìsan owó ọkọ̀. Nígbà ìdánwò, àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń kún títí di ìdájí, èèyàn á jókòó, ẹnu àwọn tó ń kàwé sókè á máa ró. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ní títí di òní.

Agbowó ní tiẹ̀, òmìnira wà níbẹ̀. O lè dáná nígbà tó wù ọ́. Àmọ́ ejẹ́ǹtì á gba owó tiwọn, àgírímẹ́ǹtì á gba tiẹ̀, lánlọ́ọ̀dù lè ní kó o san owó ọdún kan àbọ̀ tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan. Má san kọ́bọ̀ fún yàrá tó ò tíì fi ojú ara rẹ rí. Ejẹ́ǹtì kan gba owó lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta lórí yàrá kan ṣoṣo ní àdúgbò wa, ọmọ ọdún kìíní ni gbogbo wọn. Bí o bá wá ń lọ wo yàrá, mú ẹni tó jù ọ́ lọ dání, kó o sì lọ lọ́sàn-án. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé inú ilé náà, kì í ṣe lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, bóyá kànga ń gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Ti alẹ́ ni mo fẹ́ kó o gbọ́ jù. Má dá nìkan rìn láti láíbìrì lọ sí ìta lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Àwa tó ń gbé ìta máa ń dúró de ara wa ni, a ó jọ jáde, a ó jọ wọ takisí máíkírà kan.

Bàbá_Tẹ́dà

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ Ìṣẹ́yìn, ọdún 1976 ni mo wọ Yunifásítì Ìbàdàn (UI), Tedder Hall, ọ̀kan nínú àwọn hóstẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, ni mo sì gbé. Mi ò mọ iléèwé tìrẹ, ohun tí mo mọ̀ ni mo máa sọ.

Nígbà tí wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1948, University College ló ń jẹ́, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Ní 1962 ló dá dúró. Kenneth Mellanby ni ọ̀gá àkọ́kọ́, òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Mellanby Hall. Kenneth Dike ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe gíwá níbẹ̀, òun ló sì ni orúkọ láíbìrì ńlá yẹn. Hall lohun tó so wá pọ̀. Àwọn ará Independence Hall ń pe ara wọn ní Katanga, àwọn ará Zik ń pe tiwọn ní Baluba, bí eré bọ́ọ̀lù bá sì dé, ariwo ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbọ́ pé ó ṣì wà.

Hall ló ń bọ́ wa nígbà náà. Ní 1978, ìjọba gbé owó oúnjẹ ọjọ́ kan kúrò ní náírà 1.50 sí náírà 2. Àwọn ọmọ iléèwé gíga káàkiri Nàìjíríà dìde, "Ali Must Go" la ń ké, Ahmadu Ali tó jẹ́ kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́ ni à ń bá wí. Ẹ̀mí lọ sí ìjà náà. Ṣáájú tiwa pàápàá, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, ìbọn ọlọ́pàá pa Kúnlé Adépéjù nínú ọgbà wa. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó bá wọ UI tó ń kọjá níwájú ilé yẹn lọ ra fọ́tókọ́pì, ó yẹ kó mọ ẹni tí Kúnlé jẹ́. Ó máa ń ká mi lára pé ọ̀pọ̀ ò mọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó o sọ: ẹni tó jókòó tì mí nínú yàrá, Kàlàbá ló ti wá. Òun kò gbọ́ Yorùbá, èmi ń bẹ̀rù Òyìnbó. Àwa méjèèjì kọ́ ara wa. Òun ló kọ́kọ́ pè mí nígbà tí ìyàwó mi bímọ, òun náà ló sì dìde sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú bàbá mi, ní Yorùbá.

Ọmọ_Ìwó_Road

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìtàn, Bàbá. Ó wọ̀ mí lára.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, jẹ́ kí n sọ nípa máàkì, torí ibẹ̀ ni ọdún kìíní ti ń bu èèyàn jẹ. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa báyìí, 70 sókè ni A, ó sì jẹ́ pọ́ìǹtì 5. Láti 60 dé 69 ni B, pọ́ìǹtì 4. Láti 50 dé 59 ni C, pọ́ìǹtì 3. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní iye yúnìtì tirẹ̀. Ká ní o gba 72 nínú kọ́ọ̀sì oní-yúnìtì 3: 3 lọ́nà 5 jẹ́ 15. O gba 55 nínú oní-yúnìtì 2: 2 lọ́nà 3 jẹ́ 6. Àpapọ̀ 21, pín in sí yúnìtì 5, ó di 4.20. Kíláàsì kìíní bẹ̀rẹ̀ láti 4.50, ìpele tó tẹ̀ lé e wà láàárín 3.50 sí 4.49. Ìwọ̀n náà lè yàtọ̀: UI lo ìwọ̀n 7 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Béèrè èyí tí iléèwé tìrẹ ń lò lọ́sẹ̀ tó o bá dé.

Kí nìdí tí mo fi ń ṣe ìṣirò yìí? Máàkì sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ń tẹ̀ lé ọ dé òpin ni. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2.80 máa ní láti gba A púpọ̀ kó tó lè gun 4.50. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4.60 ní ààyè láti ṣubú díẹ̀ kó tún dìde. Àwọn kọ́ọ̀sì jẹ́nẹ́rà tí gbogbo fákọ́tì ń jọ ṣe, tí gbọ̀ngàn rẹ̀ kún tí o kò ní rí ojú olùkọ́, àwọn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Wọ́n ń kà á mọ́ ọn! Kárí-ófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí èèyàn fìdí rẹmi tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, tó wà lára àwọn ọmọ ẹ̀ka wa, nínú jẹ́nẹ́rà ló pọ̀ sí.

Wá ìbéèrè àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ọdún kejì. Má rà á, wọ́n á fún ọ tó o bá kí wọn dáadáa.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì, n'Ìbàdàn, mo sì fẹ́ bá Ọmọ Ìṣẹ́yìn sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí n sì bá bàbá rẹ̀ náà sọ̀rọ̀.

Ọmọ mi, ìwọ nìkan kọ́ lójú ń tì. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó wà níwájú mi lọ́dún kìíní, àwọn tó ń gbé ọwọ́ sókè kò ju márùn-ún lọ, ìgbà gbogbo kọ́ sì ni wọ́n mọ̀ jù. Àwọn tó wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì, tí wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò gbọ́ ibi kan," àwọn yẹn ni mo máa ń rántí orúkọ wọn. Jókòó síwájú. Iwájú gbọ̀ngàn ń gba ojú tì kúrò díẹ̀díẹ̀, torí o kò ní máa rí èrò tó wà lẹ́yìn rẹ. Má sì pa kíláàsì jẹ: ọ̀pọ̀ iléèwé ń béèrè kí o wà níbẹ̀ ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kí o tó jókòó ṣe ìdánwò.

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá aláṣọ òfì. Mo fẹ́ bi yín léèrè: omù, asà, ọ̀kọ̀, ta ló ti kọ orúkọ gbogbo ohun èlò ìhunṣọ yín sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń pè é? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sányán, àlàárì àti ẹtù, àwọn ọmọ ìlú ńlá ò mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn orúkọ tí ẹ ń pe bátànì kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kú láìsí ẹni tó kọ ọ́, ó lọ nìyẹn. Ọmọ yín lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀. Èmi ì bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ká ní mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò dàgbà sí ìdí òfì lè dá ṣe, bó ti wù kó kàwé tó.

Àdùkẹ́_ÒkeÀdó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹnu bà, mo sì máa sọ ọ́ torí ọmọbìnrin ló ń béèrè.

Bí olùkọ́ kan bá ní kó o wá rí òun lálẹ́, tàbí ní ilé, tàbí níbi tí kì í ṣe ọ́fíìsì, má lọ. Bó bá ní dandan ni, mú ọ̀rẹ́ méjì dání, kẹ́ ẹ sì lọ lọ́sàn-án. Tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá fi ránṣẹ́, má pa ọ̀kankan rẹ́. Sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rẹ́ mi kan dákẹ́ fún odidi sẹ̀mẹ́sítà, ó rò pé bí òun bá sọ̀rọ̀ wọ́n á ní òun ló fa á. Nígbà tó sọ ọ́ fún obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka wọn, ni a wá gbọ́ pé òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn dà bí òbí sí wa. Àmọ́ ó yẹ kó o mọ̀ kó o tó dé.

Ọmọ_Ìwó_Road

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi Àdùkẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kún un. Má wọ ẹgbẹ́ ju méjì lọ lọ́dún kìíní. Ìjọ ọgbà ń gba àkókò gan-an: ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀, ìdánrawò akọrin, ìṣọ́ òru. Mo mọ ọmọ tó máa ń wà ní ìpàdé títí di ọ̀gànjọ́ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la.

Àbẹ̀kẹ́_Agbowó

Mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi Ìwó Road lórí ti ìjọ. Lọ́dún kìíní mi, nígbà tí owó tán lọ́wọ́ mi pátápátá, ìjọ ọgbà ló bọ́ mi. Arábìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló fún mi ní ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó kà lọ́dún tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ń ṣe fún ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé: wọ́n ń ṣe tùtóríà fún àwọn ọmọ tuntun láìgba owó. Ẹni tó wá láti ibi jíjìn, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ lè jẹ́ ilé fún un.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, bí o bá fẹ́ràn kíkọ, wá àwọn akọ̀ròyìn ọgbà kàn. UI ní ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn tó ti pẹ́, rédíò Diamond FM náà sì wà nínú ọgbà. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ojú tì tó ò ń sọ ti máa parẹ́.

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo jókòó ti bàbá mi nídìí òfì lálẹ́ àná, mo ń kà á sí wọn létí. Ìgbà tí mo dé ibi tí Olùkọ́ ti béèrè nípa omù àti asà, wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn bátànì tí bàbá wọn ń hun, òmíràn èmi náà ò gbọ́ ọ rí. Wọn ò tíì gbà o, sà. Wọ́n ní kí n bi yín léèrè nǹkan méjì: àwọn olùkọ́ tó máa ń daṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Níbo lowó á sì ti wá, nígbà tí àwọn àbúrò mi mẹ́ta ṣì wà níléèwé?

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àníyàn, bàbá. Ti ìdaṣẹ́sílẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ló sì kàn. Kò sí ẹni tó lè búra pé irú rẹ̀ ò ní wáyé mọ́. Yunifásítì aládàáni kì í sábà sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó tiwọn ga ju ti ìjọba lọ fíìfíì. Àwọn ọmọ tí oṣù mẹ́jọ yẹn kò ṣe léṣe jù ni àwọn tó ní iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ yín ti ní tirẹ̀ látinú ilé.

Ti owó: òfin ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di ohun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 3 oṣù kẹrin 2024, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ẹ̀yáwó náà, ló ń bójú tó o. Kò ní èlé. Wọ́n ń san owó iléèwé tààrà fún iléèwé, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣù fún ìjẹun. Ìforúkọsílẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń béèrè NIN, BVN àti nọ́ńbà ìgbaniwọlé. Iléèwé ìjọba ló wà fún. Gbèsè ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn, ẹ bá a sọ ọ́ yéra yín kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Agbóhùnsáfẹ́fẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá bàbá lóhùn lórí "ta ló máa gbà ọ́ síṣẹ́."

Èmi ni. Ìyẹn ni pé, irú ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló máa gbà á. Ìròyìn Yorùbá là ń kà n'Ìbàdàn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ó sì ṣòro fún wa láti rí ọ̀dọ́ tó lè yí ìròyìn Òyìnbó padà sí Yorùbá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí kò ní máa da èdè méjèèjì pọ̀. BBC bẹ̀rẹ̀ ìròyìn Yorùbá ní oṣù kejì 2018. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ń wá ẹni tó máa ṣe ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán. Àwọn ilé ìwòsàn àti àjọ ìlera ń wá ẹni tó máa kọ ìkìlọ̀ ní Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà máa lóye. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà bíi Wisconsin àti Florida ń kọ́ Yorùbá, ètò Fulbright FLTA sì ń mú ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ kọ́ wọn níbẹ̀. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà pàápàá ti ń wá sí UI láti kọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sanwó ọkọ̀ òfuurufú wá kọ́ ni àwọn òbí wa ń ní kí ọmọ fi sílẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún yín: iṣẹ́ ò pọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà, owó oṣù rédíò náà kò tó nǹkan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó jáde pẹ̀lú Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ Òyìnbó dáadáa kó sì mọ kọ̀ǹpútà, kó lè fi àmì ohùn tẹ Yorùbá. Kó bẹ̀rẹ̀ èyí láti ọdún kìíní, kó má dúró dìgbà àgùnbánirọ̀.

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn

Bàbá mi ní kí n máa lọ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Lọ, ṣùgbọ́n bí ìwé yẹn bá di kíkọ, orúkọ bàbá mi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀." Màmá mi ṣì ń bínú díẹ̀ pé mi ò dúró de Lọ́ọ̀, mo sì ń bẹ̀ wọ́n. Èmi fúnra mi, ìbànújẹ́ Lọ́ọ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi tán, mi ò ní tan yín.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń bọ̀ n'Ìbàdàn fún ìforúkọsílẹ̀. Kí ni kí n kó dání?

Àbẹ̀kẹ́_Agbowó

Káàbọ̀, àbúrò mi! Lẹ́tà ìgbaniwọlé ti JAMB, èsì WAEC tàbí NECO rẹ, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tó pọ̀. Ṣe fọ́tókọ́pì gbogbo wọn nílé kó o tó wá, torí lẹ́nu géètì lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ ìlà fọ́tókọ́pì máa ń gùn, owó rẹ̀ á sì lọ sókè. Má fi ojúlówó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìgba ìwé ẹ̀rí. Tètè dé, kó o sì béèrè nípa bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan náà, má dúró dọ̀la.

Àgádágodo méjì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí, kọ orúkọ rẹ sí i lára. Èlùbọ́ tí Ìyá Ìbejì sọ náà, má gbàgbé rẹ̀ o. Ọjọ́ wo gan-an lò ń bọ̀? Fi ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀, màá wá pàdé rẹ lẹ́nu géètì.